Tata Tó Bà Lé Ìborùn Màámi

                                                            Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                                            Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìwọ tó kọ́ odidi obìnrin ní ìdọ̀bálẹ̀ fún kòkòrò,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Báwo ni ọkọ rẹ, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí ó ṣì ń jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù náà bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀gún tẹ́ àga fún? Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ẹnu rẹ̀ ti là, àbí ìka ló ṣì fi ń júwe gbogbo ohun tó bá fẹ́ bí ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún ọmọọṣẹ́? Níbi iṣẹ́ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ti jáwọ́ nínú bébà jíjẹ? Tèmi náà nìyí, mo wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Kò sí ibi kankan tó ń ro mí. Ká sọ pé a dúpẹ́.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ nígbà tí Màámi kú. Mo kà á, mo tún un kà, n kò sì fèsì. Má bínú. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí mo lè sọ, kò sí nǹkan kan nínú mi tí mo lè fi sọ ọ́ ni. O mọ abẹ́rẹ́ tí dókítà eléyín máa ń gún wa, tó jẹ́ pé wàá fi ìka tẹ ètè ara rẹ, á sì dà bíi pé ètè ẹlòmíì lò ń tẹ̀? Bó ṣe rí fún mi láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, àfi pé tèmi ò mọ sí ẹnu. Àwọn èèyàn wá kí wa, mo gbé àga fún wọn, mo bu omi fún wọn. Wọ́n sunkún, mo na aṣọ ìnujú sí wọn. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa tiẹ̀ sọ sí mi létí pé akin obìnrin ni mí. Akin kẹ̀! Ṣé a máa ń pe òkúta ní akin ni? Ọ̀gá wa níbi ìfọṣọ ní kí n lọ sinmi, mo ní rárá. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù, mo ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn onílé ìtura, mò ń ṣẹ́ ẹ po, mò ń tò ó jọ. Aṣọ funfun kì í béèrè pé báwo lara.

Ìbéèrè tí o bi mí ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí. Nígbà tí mo fi àwòrán tata yẹn ránṣẹ́ sí ọ fún ìpàtẹ àwòrán tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe, o pariwo lójú ìwé débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di etí. O ní láti ìgbà tí a ti ń kúnlẹ̀ kiri inú koríko, o ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. O ní èèyàn lè ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. O ní ojú rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. O ní koríko aláwọ̀ ojú ọ̀run tó dúró lé yẹn yà ọ́ lẹ́nu, o ò sì mọ ibi tó ti ń hù. Lẹ́yìn náà lo wá béèrè pé kí n má ṣe ahun, kí n sọ ohun tí kòkòrò náà bà lé tí kò fi mì rárá, kí ìwọ náà lè wá irú rẹ̀.

Ó dáa, màá sọ fún ọ. Àmọ́ wá ibi kan jókòó sí ná.

Ìwọ ti fi ilé ìfọṣọ sílẹ̀ kí àrùn yíya kòkòrò yìí tó wọ̀ mí lára tán, nítorí náà o ò mọ bí ilé wa ṣe rí nígbà tó yá. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí a ń sáṣọ sí di ìkòkò òdòdó. Mo gé ike wàrà funfun, mo fi bo iná kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà le jù, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi. Tí mo bá ti ilé iṣẹ́ dé báyìí, màá na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sídìí ìkòkò kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sì máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí mi bí ẹni ń kọjá gọ́tà. Ìwọ náà mọ ẹ̀gbọ́n mi, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Òun ló sọ mí ní Olójúkòkòrò. Á ní, "Gbogbo ayé ń wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ìwọ ń wo orúnkún eèrà. Olójúkòkòrò, dìde, oúnjẹ ti jinná."

Ti Màámi ni mo máa ń ṣe, àwọn náà sì máa ń ṣe tèmi. Láti ìgbà tí ọkàn wọn ti ń rẹ̀ wọ́n tí dókítà sì ti ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn mọ́, orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀, wọ́n wá di olùṣọ́ mi. Bí mo bá ṣe ń bọ̀ báyìí, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn: "Oníbàárà rẹ kan wà nídìí ìkòkò kẹta o. Ó ní ìwo méjì. Mo ti ní kó dúró dè ọ́." Bí àwòrán náà bá dára, wọ́n á ní àwọn ni àwọn yà á, pé ọwọ́ lásán ni wọ́n kàn yá lọ́wọ́ mi.

Wọ́n tiẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n bi mí rí pé kí ló dé tí mo fi ń ya kòkòrò kan ṣoṣo bí ẹni ń ya gbogbo ìdílé rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí a bá sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tín-ín-rín péré ló ń hàn kedere: bí ojú bá mọ́, ẹsẹ̀ á ṣú, bí ẹsẹ̀ bá mọ́, ìyẹ́ á ṣú. A óò wá máa yà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà á sì ṣa ibi tó mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kó o pọ̀ di ẹyọ kan. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kòkòrò náà bá sún bí ìbú irun orí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Màámi wá mi orí, wọ́n ní ó yé àwọn: iṣẹ́ tí ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún gbọ́dọ̀ jọ yadi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo nǹkan tutù nini. Ẹ̀gbọ́n mi àti Màámi ti jà kí n tó jí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀, Màámi ní àwọn ò wẹ̀, òtútù ń mú àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u, ló bá ní, "Ẹ ò ní pa mí nínú ilé yìí, ẹ máa wà níbẹ̀," ó mú báàgì rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ ilẹ̀kùn, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìsinmi mi ni. Mo gbé Màámi sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, mo fi ìborùn olówùú aláwọ̀ ojú ọ̀run bò wọ́n láti ọrùn dé orúnkún, mo yí àga sí ibi tí oòrùn ń bọ̀.

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní, "Wò ó. Eléyìí ò tiẹ̀ jẹ́ kí o wá òun." Tata kékeré aláwọ̀ ewé ló bà lé wọn láyà. Òtútù ti mú un débi tí kò fẹ́ ta. O mọ bí ara mi ṣe rí tí mo bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo sáré gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé kámẹ́rà lé e, mo sún un wọlé títí lẹ́ǹsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òwú. Mo ní, "Màámi, ẹ má mira o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí." Bí a ṣe máa ń sọ fún ara wa náà ni, ìwọ gan-an lo kọ́ mi. Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tí n kò bá mí, ṣé tata ló máa bá mi mí?" Wọ́n wá gbé ojú sókè sí oòrùn, wọ́n di ojú, wọ́n ṣe bí ère.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, mo sì ń ráhùn lábẹ́ ẹnu. Lẹ́yìn náà ló dúró. Ó dúró jẹ́ẹ́. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi." N kò gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà. Mo yà á láti ìwo dé ìdí, n kò fo ibì kan. Nígbà tí mo parí, mo yọ kámẹ́rà, mo wọ inú yàrá lọ kí n lè rí i dáadáa nítorí oòrùn ti ń tàn sí mi lójú. Mo wò ó díẹ̀, mo jáde láti wá fi hàn wọ́n. Mo ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ yín." Wọn ò dáhùn. Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n. Tata náà ta, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn ni pé wọ́n sùn lọ ni, nígbà tí mo wọlé. Ohun tí èmi náà sì gbà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò gbà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá dé, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa bi mí: "Ṣé wọn ò pè mí? Ṣé wọn ò jà? Ṣé wọn ò sọ pé àyà ń dun àwọn?" Màá ní rárá, wọ́n sùn lọ ni. Á wò mí. "Báwo lo ṣe máa mọ̀? Tí ojú rẹ bá ti wọ inú nǹkan yẹn, bí ilé bá ń jó o ò ní mọ̀." Òótọ́ ló sọ. Á tún wo ojú mi tó gbẹ, á ní òun ò mọ irú ẹ̀dá tí mo jẹ́. Ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé òun máa kó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun, òun á tẹ́ ẹní síbẹ̀, pé òun ò lè máa sùn nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti lè sọ bí ìyá òun ṣe kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo bá a ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ po. Iṣẹ́ mi ṣá ni. N kò sọ pé kó má lọ, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré ló kù nínú ilé náà.

Àsìkò yẹn ni ìkéde ìpàtẹ rẹ dé. O ní kí olúkúlùkù fi ẹyọ kan sílẹ̀. Kámẹ́rà mi ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ náà. Mo yọ káàdì rẹ̀, mo tì í bọ kọ̀ǹpútà. Kò ṣe mí bákan. Mo rí tata, mo ní àwòrán tó dáa nìyí. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ohun tó gbé jáde fún mi, tata méjì ló gun ara wọn, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan rí bí iwin. Ìwọ náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀: àwọn kan nínú rẹ̀ ti mì. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ló mì, bí ìdajì wọn, àwọn ti ẹ̀yìn dúró gbọn-in. Mo kó gbogbo àwọn tó mì dà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà. Ìyókù bá ara wọn mu bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo pa ẹ̀gbin díẹ̀ rẹ́, mo dín ìmọ́lẹ̀ kù létí ìyẹ́, mo yọ fọ́nrán òwú kan tó dí ojú tata, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọwọ́ mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Inú mi ò sí níbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka ìbéèrè rẹ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró, mo mú fóònù láti dá ọ lóhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Kì í ṣe koríko, ìborùn Màámi ni. Orí àyà wọn ló bà lé." Mo wo ohun tí mo tẹ̀. Mo tún un wò. Ọ̀rẹ́ mi, àyà èèyàn kì í dúró. O béèrè ohun tí kò mì rárá, èmi sì fẹ́ dáhùn pé àyà ni. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo padà sídìí aṣọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí èéfín fi rú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, n kò jó aṣọ rí.

Nígbà tí mo dé ilé, ẹ̀gbọ́n mi ń dí báàgì tó kẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ lọ. Mo wọ yàrá, mo kó gbogbo àwòrán tí mo ti dà nù jáde nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, mo tò wọ́n padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo wá ń tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra kí wọ́n lè máa tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Tata lọ sókè. Tata bọ̀ wálẹ̀. Ó lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Mò ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó lọ sókè díẹ̀, ó bọ̀ wálẹ̀, kò sì lọ sókè mọ́. Gbogbo àwòrán tó kù, títí dé òpin, kò sún.

Bí Màámi ṣe lọ nìyẹn. Kì í ṣe inú yàrá ni mo wà. Iwájú wọn gan-an ni mo wà, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

N kò sunkún. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Bí mo bá pa á rẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á lọ lọ́la, á máa ṣe kàyéfì kiri títí ayé. Bí mo bá fi hàn án, á mọ̀ pé níṣojú mi ni ìyá wa kú tí n kò sì rí i, á sì lọ bákan náà, kò sì ní padà. Ọ̀nà méjèèjì, báàgì ló wà níbẹ̀. Mo ní kó kúkú lọ pẹ̀lú òótọ́. Mo pè é.

Ó wá, ó fi tépù kọ́ ọrùn. "Kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."

Ó bẹjú wò ó, ó pòṣé. "Tata. Tata lo fẹ́ fi sìn mí sọ́nà?"

"Ẹ má wo tata. Ẹ wo ohun tó bà lé."

Ó tẹ̀ síwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló rán etí ìborùn yẹn, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì. Ó ní, "Kí ló ń gbé e sókè sódò báyẹn?" Kò pẹ́ tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tó dé ibi tó dúró sí, n kò dá ọwọ́ dúró, mo jẹ́ kó rí gbogbo àwọn tí kò sún.

Ó ní, "Èwo ló kẹ́yìn?"

Mo padà sẹ́yìn, mo fi hàn án. Kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ó fi ìka kan gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án, bó ṣe máa ń wo ojú abẹ́rẹ́.

"Tata yìí ò ta."

"Kò ta."

"Èmi náà mọ tata. Bí èèyàn bá kàn wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ta nìyẹn. Ẹsẹ̀ lásán kò gbé." Ó mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé wọn ò jà."

"Wọn ò jà, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbé ojú sí oòrùn."

Mo wá rí i pé tí n kò bá sọ ìyókù nígbà yẹn, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n má mí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní, Màámi, ẹ má mí. Bí mo ṣe máa ń sọ. Nígbà tó sì wá dúró, mo ní ẹ ṣeun."

Ó yí padà, ó wò mí tààrà. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, fún ìgbátí pàápàá. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Láti ìgbà tí Màámi ti bí mi, n kò rí ohun kan tí èèyàn ní kí obìnrin yẹn má ṣe tí wọn ò ṣe. Dókítà ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀, abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi iyọ̀ pamọ́ sí. Ó ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn, mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wẹ̀, ṣé wọ́n wẹ̀? Àwa méjèèjì la jọ ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn láti kékeré, wọn ò dá ẹnì kankan lóhùn rí. Kí wá ló dé tó fi jẹ́ pé tìrẹ ni wọ́n máa wá gbọ́?"

Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, ọ̀rẹ́ mi. N kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín tirẹ̀ fi di ẹkún, ó gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Èjìká mi tutù. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ lára láti ọjọ́ tí Màámi kú nìyẹn.

Nígbà tó nu ojú tán, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Tún un tẹ̀ fún mi." Mo tún un tẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí n má sáré. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Tó bá ti fẹ́ dé ibi tó dúró sí, á gbá mi lọ́wọ́, á ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbé e. Ó tú u, ó yọ sísọ́ọ̀sì ńlá rẹ̀ nínú rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó sì bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́. Báàgì náà ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ń yọ nǹkan inú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ó bá ṣe nílò rẹ̀. Èmi náà ń fo báàgì kọjá, n kò ráhùn. A ò tíì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ní tèmi, n kò tíì sunkún. Mo sọ fún un, ó ní kò kánjú.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Àwòrán tó dúró yẹn, jọ̀ọ́ pa á rẹ́ níbi tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́, o ti ń ro férémù tí wàá fi sí i. Ó dára lóòótọ́, òun ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà. Àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn tí Màámi lọ ni mo yà á. Ìgbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú mi, inú àwọn tí mo dà nù ló wà, n kò sì lè fi ìyẹn kọ́ ara ògiri.

Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé kó fi ìrọ̀rí há ẹ̀yìn tó bá ń wakọ̀. Fi ẹnu ko ọmọ mi lẹ́nu, kódà bí kò bá tíì sọ̀rọ̀, ẹnu tó pẹ́ kó tó là kì í ṣìsọ. Ẹ̀gbọ́n mi kí ọ, ó ní wàá wá gba bùbá tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé òun kì í ṣe ilé ẹrù. Kí gbogbo ẹgbẹ́ wa níbi ìpàtẹ. Bí wọ́n bá rí àyè mi tó ṣófo lára ògiri, tí wọ́n bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀, má fara balẹ̀ ṣàlàyé. Sọ fún wọn pé èyí tí mo fẹ́ràn jù, ó mì.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ náà ni,

Olójúkòkòrò.